Kọ̀ǹpútà Tuntun Tó Ń Tàn Láàárọ̀, Tó Ń Kọ̀ Lálẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Ìṣòro Rẹ̀ Wà

Bí kọ̀ǹpútà bá kú pátápátá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Oníṣẹ́ á tú u, á rí ibi tó jóná, á sọ iye tí ẹ máa san. Èyí tó ń dani láàmú ni èyí tó tàn láàárọ̀, tó kọ̀ lálẹ́, tí ẹ wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, tó sì tàn lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ọlọ́jà á wo ojú yín, á rẹ́rìn-ín, á ní kí ẹ máa gbé e lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn n'Ìbàdàn. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lò kò sì lè gbé iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó àjọ tó ti dá fún odidi ọdún kan, ó gbé owó náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ ní pálọ̀. Ọjọ́ kìíní, ó tàn. Ọjọ́ kejì, ó tàn. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kẹta, fáànù ń yí, àwọn iná aláràbarà ń tàn nínú àpótí, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Ó pa á, ó tún un tàn, ó pa á, ó tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló ṣí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí yóò gbà àti ìgbà tí yóò kọ̀. Bàbá rẹ̀ ní ṣebí òun ti sọ pé kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Ọlọ́jà ní ọjọ́ méje péré ni wáráǹtì òun, pé ọwọ́ ọmọ náà ló ba nǹkan jẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi pè mí, ọjọ́ mẹ́rin ló kù nínú ọjọ́ méje yẹn.

Nítorí pé àwọn ọmọ wa tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn ti ń pọ̀ sí i, mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí a gbà wá ìṣòro náà rí, àti àwọn ibòmíràn tó yẹ kí èèyàn wò bí tiyín bá yàtọ̀ sí tiwa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì. Bọ́tìnì iwájú yẹn kì í gbé iná wọlé. Ṣe ló kàn ń ta mọ́dábọ́ọ̀dù lólobó pé wọ́n ń pè é. Mọ́dábọ́ọ̀dù á wá ránṣẹ́ sí páwà páàkì, ìyẹn àpótí onírin tí wáyà ògiri ń wọ̀ lẹ́yìn. Páwà páàkì ló ń sọ iná 230 fólútì tó wá láti ìta di iná kékeré tí kọ̀ǹpútà lè jẹ: 12, 5 àti 3.3. Nígbà tí àwọn iná wọ̀nyí bá dúró ṣinṣin, páwà páàkì á fi àmì kan ránṣẹ́ sí mọ́dábọ́ọ̀dù pé oúnjẹ ti délẹ̀. Àfi kí àmì yìí dé kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní CPU, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí fáànù fi lè máa yí tí iná sì ń tàn, síbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kò tíì jí rárá.

Bí CPU bá ti jí, á ka ìtọ́ni tó wà nínú BIOS, á yẹ RAM wò, á wá ohun tó ń gbé àwòrán jáde sórí mọ́nítọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá díìsìkì tí Windows wà nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní POST. Ó ń lọ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ibi tó bá sì ti dúró ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ọmọ náà ni pé, ibo ló máa ń dé kó tó dúró? Ṣé kò mira rárá ni? Ṣé fáànù ń yí láìsí àwòrán? Àbí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù ń jáde, tí Windows ni kò ṣí? Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò kàn ń tàn ni." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dáhùn báyẹn, ìdáhùn náà kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo dárúkọ yẹn. Bí àmì bá ti jáde lójú mọ́nítọ̀, a jẹ́ pé páwà páàkì, CPU àti RAM ti ṣe tiwọn dé ìwọ̀n kan. Díìsìkì tàbí Windows ni kí ẹ dojú kọ. Bí kò bá mira rárá, ọ̀rọ̀ iná, wáyà tàbí bọ́tìnì ni. Èyí tó wà láàárín, tí fáànù ń yí tí ojú dúdú, ló ní ìdí púpọ̀ jù.

Lára ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù òde òní, iná kéékèèké mẹ́rin wà ní etí kan, wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí àyẹ̀wò bá ti ń lọ ni wọn á máa tàn tí wọn á sì máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tàn tó kọ̀ láti kú ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ há sí. DRAM ni RAM. VGA ni ohun tó ń gbé àwòrán jáde. BOOT ni díìsìkì. Mo ní kí ọmọ náà gbé fóònù rẹ̀ síbẹ̀, kó máa ya fídíò àwọn iná náà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ tan kọ̀ǹpútà. Ìdí méjì ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Èkíní, ìṣòro tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í dúró dè yín kí ẹ lọ mú gíláàsì ojú yín wá. Èkejì, fídíò ni yóò bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà tún tàn.

Mo tún ní kó mú ìwé kan, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, bóyá ó tàn tàbí kò tàn, iná tó há, bóyá kọ̀ǹpútà ti wà ní pípa látàárọ̀ tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, àti ohun tí a yí padà bí a bá yí ohunkóhun padà. Ó rò pé mo ń fi iṣẹ́ dá a lágara ni. Ẹ ó rí bí ìwé yẹn ṣe gbà wá níkẹyìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣirò díẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kọ̀ǹpútà kan máa ń kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta. Ẹ tú nǹkan kan, ẹ tún un dè, ẹ wá tan án lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tàn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ó ti yanjú? Bí ohun tí ẹ ṣe kò bá tiẹ̀ wúlò rárá, ó tó nǹkan bí 30 nínú 100 pé kọ̀ǹpútà yẹn ṣì máa tàn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, kò tó 2 nínú 100 mọ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni òdiwọ̀n wa. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún ló ń kọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kò tó, ẹ jẹ́ kó tó ogún. Nǹkan kan ṣoṣo sì ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yọ RAM, tó pààrọ̀ wáyà, tó tún BIOS ṣe lọ́jọ́ kan náà, bó bá tiẹ̀ sàn, kò ní mọ ohun tó wò ó sàn.

Iná DRAM ló há nínú fídíò àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yà. A pa kọ̀ǹpútà, a fa wáyà yọ lára ògiri, a ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí. RAM méjì ló wà níbẹ̀, ojú ihò mẹ́rin sì ni mọ́dábọ́ọ̀dù ní. Ó ti ki wọ́n sí ihò kìíní àti ìkẹta. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin, tí ẹ bá ka láti ẹ̀gbẹ́ CPU, ni wọ́n ní kí á lò bí RAM bá jẹ́ méjì. Inú ìwé kékeré tó bá mọ́dábọ́ọ̀dù wá ni ìtọ́ni yìí wà, ìwé tí àwọn ọmọ wa máa ń dà sínú páálí láìṣí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn RAM náà kò wọlé tán. Ó dà bíi pé ó wọlé, àmọ́ mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì dún "kà!" Bí kò bá tíì dún, kò tíì wọlé. RAM tí kò wọlé tán lè kàn án lónìí kó má kàn án lọ́la; ooru tó ń mú kí irin wú díẹ̀ àti òtútù tó ń mú kó sún kì ti tó láti yí i padà. Bí ẹ bá gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sínú mọ́tò lọ bá ọlọ́jà, gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n ọ̀nà nìkan lè mú kí RAM náà kàn án dáadáa kí ẹ tó débẹ̀.

A kì wọ́n bó ṣe yẹ, a tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó tàn lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ̀gbọ́n mi se ìrẹsì, inú gbogbo ilé dùn, mo sì forí lé ilé mi.

Kò tíì pẹ́ tí mo kí Ìṣáì tán tí fóònù dún. "Bọ̀ọ̀dá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ RAM, torí ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni tiyín máa parí sí. Bí ẹ bá ti kì í dáadáa tó ṣì ń kọ̀, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo tan án, lẹ́yìn náà ẹ fi èkejì. Bí ọ̀kan bá ń gbà tí èkejì ń kọ̀ nínú ihò kan náà, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa dá padà. Bí ó bá jẹ́ ihò kan ló ń kọ gbogbo RAM, ẹ wo mọ́dábọ́ọ̀dù tàbí ìjókòó CPU: àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí CPU jókòó lé lè tẹ̀, sukúrúù fáànù CPU tí wọ́n sì de jù lápá kan lè fa irú rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní XMP tàbí EXPO nínú BIOS. Ó ń mú kí RAM sáré kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ tan èyí, torí gbogbo ẹni tó ń ṣe fídíò ló ní kí wọ́n tan án. Kò burú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo CPU àti mọ́dábọ́ọ̀dù ló lè bá eré náà mu ní gbogbo ìgbà, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà tó ń tàn lónìí tó ń kọ̀ lọ́la. Ẹ pa á ná, kí ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ RAM fúnra rẹ̀ wò, ètò MemTest86 wà lọ́fẹ̀ẹ́, orí fláàṣì ni ẹ máa gbé e sí. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àṣìṣe ẹyọ kan tí ó bá rí ti tó láti fura.

Àwọn tó ra RAM oríṣi DDR5, ẹ fetí sí èyí. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ó máa ń lo àkókò láti fi mọ ìwà RAM rẹ̀. Mọ́nítọ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tiẹ̀ pa ara rẹ̀ kó tún tan ara rẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹni tó bá ń pa á láàárín ìyẹn ló ń dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ po tíì mu, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bákan náà ló máa ṣe bí ẹ bá yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù láti pa ìrántí BIOS rẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí alẹ́ Sátidé.

Ọmọ náà fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí iná DRAM tó há. Fáànù yí bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó dúró, ó tún yí, ó tún dúró. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni èyí. Àṣé ìṣòro méjì ló wà nínú àpótí kan, a sì ti yanjú ọ̀kan ṣoṣo. Mo gbà pé ó yẹ kí n ti fura tẹ́lẹ̀, torí nǹkan tuntun tí ọwọ́ ọmọ tò fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà ní àléébù ẹyọ kan.

A yẹ àwọn ohun kéékèèké wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wáyà CPU, ìyẹn oníhò mẹ́jọ tó máa ń wọ òkè mọ́dábọ́ọ̀dù lápá òsì, wọlé dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi wáyà káàdì àwòrán há a ní tipátipá, torí wọ́n jọra; bí wáyà bá kọ̀ láti wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má fipá kì í. Wáyà gbọọrọ oníhò 24 náà wọlé. A yọ wáyà bọ́tìnì iwájú kúrò, a fi orí sukudíráfà kan abẹ́rẹ́ méjèèjì tí wọ́n kọ PWR sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí bọ́tìnì ń ṣe gan-an nìyẹn, ó sì tàn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì náà tàn án pẹ̀lú, nítorí náà bọ́tìnì kọ́ ni. A gbé mọ́dábọ́ọ̀dù jáde pátápátá, a tẹ́ ẹ lé orí páálí tó bá a wá, a tan án níbẹ̀. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí ni àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ onírin tí mọ́dábọ́ọ̀dù máa ń jókòó lé nínú àpótí: bí ọ̀kan bá wà níbi tí ihò sukúrúù kò sí, ó lè máa kan ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù kó sì máa pa iná mọ́ ọn lára. Tiwa kò ní. Ó tàn lórí páálí, ó tàn nínú àpótí. Gbogbo nǹkan ló ń tàn láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, ó sì ń bí mi nínú.

Ìgbà yẹn ni mo gba ìwé ọmọ náà. Ó ti kọ nǹkan bí ọgbọ̀n ìlà. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i. Láti ìgbà tí a ti tún RAM kì, kò sí ẹyọ ìgbà kan tó kọ̀ láàárín Àsùbáà sí ọ̀sán. Gbogbo ìgbà tó kọ̀ bọ́ sí àárín Mọ̀gáríbì sí nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Àwa sì ti tan án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́sàn-án gangan, a ní ó ti yanjú! Ìdánwò tí a kò ṣe ní àkókò tí ìṣòro ń wá kò lè sọ nǹkan kan fún wa nípa ìṣòro náà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò láàárín Mọ̀gáríbì sí aago mọ́kànlá? Gbogbo ilé ló ń tan gílóòbù, fáànù, ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà lórí tiransifọ́mà kan. Mo yá mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, mo fi í wọn iná ògiri. Aago mọ́kànlá àárọ̀, 221 fólútì. Aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́, 158. A yí kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, a ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páwà páàkì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé iná 200 sí 240 fólútì ni kí wọ́n fún un.

Ìdí nìyẹn tó fi ń tàn ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́jà. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń ṣọjà níbẹ̀, iná wọn kì í sì í relẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé sitabiláísà wà nínú ilé náà láti bí ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn fíríìsà ní kíṣìnì. Wọ́n mọ̀ pé fíríìsà kò lè mu iná tó relẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó pé kọ̀ǹpútà lè rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a gbé sitabiláísà sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. A tan án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní aago mẹ́sàn-án, ó tàn lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. A yọ sitabiláísà kúrò, a tan án lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A tún dá sitabiláísà padà, ó tún ń tàn. Ẹ kíyè sí ìgbésẹ̀ àárín yẹn. Bí ẹ bá rò pé ẹ ti rí ìdí rẹ̀, ẹ mú ojútùú náà kúrò kí ẹ wò ó bóyá ìṣòro á padà wá. Bí kò bá padà wá, ẹ kò tíì rí i.

Kì í ṣe gbogbo páwà páàkì ló rí báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó dára ni wọ́n kọ 100 sí 240 sí lára, ìyẹn ni pé ó lè jẹ iná tó relẹ̀ gan-an láìbínú. Ìwọ̀nba owó ni iyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nígbà míì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà fún ilé tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kó ka ìlà yìí kó tó ka iye wáàtì. Wọ́n lè kọ 600 wáàtì gàdàgbà sára páálí, kí ìlà fólútì sì wà ní ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Àwọn tó ń lo ínfátà náà ní tiwọn. Àwọn ínfátà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí iná wọn kì í ṣe iná olómi geere bíi ti ilé iṣẹ́ mànàmáná. Ìgbì rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn. Àwọn páwà páàkì òde òní kan kì í bá irú iná bẹ́ẹ̀ rẹ́, wọ́n lè máa kùn yùn-ún, kí wọ́n kọ̀ láti tàn, tàbí kí wọ́n kú lójijì. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń gbà lórí NEPA tó ń kọ̀ lórí ínfátà, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ínfátà náà bá sì ní ipò UPS, ẹ fi í síbẹ̀, torí páwà páàkì kò lè di iná mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá lọ nígbà tí iná bá ń yí láti ibì kan sí ìkejì.

Ọ̀rọ̀ ewu wà níbí tí kò ṣeé fò. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tú páwà páàkì fúnra rẹ̀. Iná tó lè pa èèyàn máa ń wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fa wáyà yọ lára ògiri. Bí ó bá bàjẹ́, pípààrọ̀ ni. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ rẹ̀, wáyà tó bá tuntun wá ni kí ẹ lò. Wáyà ti àtijọ́ lè wọ ihò rẹ̀ rẹ́gí, kí ètò inú rẹ̀ sì yàtọ̀, díìsìkì tí gbogbo iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀ ni yóò sì jóná. Lásìkò ọyẹ́ pàápàá, kí èèyàn tó fọwọ́ kan RAM, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí, torí iná tó ń ta wá lára nígbà tí a bá ń bọ́ jàlàbíyà lórí kápẹ́ẹ̀tì tó láti ba ohun kéékèèké wọ̀nyẹn jẹ́ láìsí pé a gbọ́ ìró kankan.

Fún àwọn tí tiwọn máa ń kọjá àmì àkọ́kọ́ kó tó há: ẹ fa wáyà díìsìkì yọ kí ẹ tún un kì, tàbí tó bá jẹ́ díìsìkì pẹlẹbẹ oríṣi M.2, kí ẹ wò ó bóyá sukúrúù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun kan tún wà nínú Windows tí wọ́n ń pè ní Fast Startup. Bí ó bá wà ní títàn, kọ̀ǹpútà tí ẹ rò pé ẹ pa, oorun ló sùn díẹ̀, ó sì lè jí pẹ̀lú ìṣòro àná. Bí tiyín bá máa ń há lẹ́yìn tí ẹ pa á tó sì máa ń dára bí ẹ bá ní kó tún ara rẹ̀ tàn, ẹ pa Fast Startup kí ẹ wò ó.

Ọjọ́ kẹfà la gbé páwà páàkì náà padà lọ bá ọlọ́jà. A kò jà. Ọmọ náà gbé rìsíìtì jáde, ó ṣí fídíò alẹ́ Sátidé, ó fi àwòrán mítà méjèèjì hàn án, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọlọ́jà kà á, ó yí páwà páàkì sẹ́yìn, òun náà ka ìlà fólútì yẹn bí ẹni tí kò kà á rí. Ó ní páwà páàkì kò bàjẹ́ o, òótọ́ sì ló sọ; kò kàn bá iná ilé yẹn mu ni. Ó gbà á padà, a fi owó díẹ̀ kún un, ó fún wa ní èyí tí wọ́n kọ 100 sí 240 sí. Ó ní kí ọmọ náà jẹ́ kí òun ya àwòrán ojú ìwé yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, kò tíì kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sitabiláísà ti padà sí ẹ̀yìn fíríìsà. Bàbá rẹ̀, tó ní kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti tò tán, pè mí níjọ́ kan pé ṣé mo lè yá òun ní mítà yẹn, pé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ máa ń kú lálẹ́, òun sì fẹ́ wo nǹkan kan.